Bí Ẹ̀rọ Síkáànù Ṣe Ń Ran Dókítà Lọ́wọ́ Láti Pa Ìrora Ẹsẹ̀ Kan Ṣoṣo Nígbà Iṣẹ́ Abẹ

Ohun tí ó máa ń já ọ̀pọ̀ aláìsàn láyà jù lọ nígbà tí dókítà bá sọ pé iṣẹ́ abẹ ti di dandan kì í ṣe abẹ fúnra rẹ̀, bí kò ṣe oorun tí oògùn yóò mú kùn wọ́n. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, bí wọ́n bá sùn, ṣé wọn yóò jí? Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro, nítorí pé oògùn akunilóorun òde òní kò léwu tó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n fún bàbá ẹni 70 ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń bá fínra, tí ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, tí egbò sì ti jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì dé eegun, ẹ̀rù náà nídìí. Bí wọn kò bá gé àwọn ìka náà kúrò, oró egbò lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì mú oorun kùn ún pátápátá, ọkàn tí ó ti rẹ̀ náà ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀nà kan tí àwọn dókítà akunilóorun ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wúlò fún jù. Dípò kí wọ́n mú kí gbogbo ara sùn, ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí nìkan ni wọn yóò mú kí ó kú fún wákàtí díẹ̀. Aláìsàn yóò la ojú sílẹ̀, yóò máa mí fúnra rẹ̀, yóò lè máa bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìrora abẹ tí ó ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń fi ọ̀nà han abẹ́rẹ́ náà ni ẹ̀rọ tí ó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, èyí tí àwọn aláboyún mọ̀ sí síkáànù.

Iṣan wo ni wọ́n ń wá?

Èdè Yorùbá a máa pe ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní iṣan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tí ó ń fa eegun kí ẹsẹ̀ lè ká kò tàbí kí ó nà, àti èyí tí ó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ àṣìgbọ́ láàrin dókítà àti aláìsàn ni ó ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín, orúkọ tí ó sì bá a mu ni iṣan ìmọ̀lára. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti wáyà tẹlifóònù. Bí ẹ̀gún bá gún àtẹ́lẹsẹ̀, òun ni ó ń gbé ìròyìn náà gòkè. Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra, òun náà ni ó ń gbé àṣẹ sọ̀kalẹ̀.

Ìròyìn kò lè rìn nínú iṣan ìmọ̀lára àfi bí èròjà sodium bá gba ẹnu ọ̀nà tíntìntín tí ó wà lára iṣan náà wọlé. Àwọn ẹnu ọ̀nà yìí ni oògùn bíi lidocaine àti bupivacaine ń dí. Egbò wà níbẹ̀, abẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò gbọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbé oògùn náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹnu ọ̀nà yóò tún ṣí, ẹsẹ̀ yóò sì padà sípò.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣan ìmọ̀lára ńlá méjì. Èkíní ni wọ́n ń pè ní femoral. Ó ti inú eegun ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ wá, ó gba ibi tí itan ti pàdé ikùn kọjá, ó sì ń ṣojú fún iwájú itan àti orúnkún. Ẹ̀ka rẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ saphenous ń bá ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ lọ títí dé ọrùn-ẹsẹ̀. Èkejì ni sciatic, tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo iṣan ìmọ̀lára ara ènìyàn. Ó gba ìdí kọjá sí ẹ̀yìn itan, nígbà tí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó dé ẹ̀yìn orúnkún, ó máa ń pín sí méjì: tibial, tí ó ń lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, àti peroneal, tí ó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde àti òkè ẹsẹ̀. Iṣan kéékèèké méjì mìíràn tún wà fún itan, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òde. Ìdí nìyí tí kò fi sí ojú kan ṣoṣo lára ẹsẹ̀ tí wọ́n lè gún lábẹ́rẹ́ kí ìmọ̀lára gbogbo rẹ̀ lọ láti itan dé ìka. Dókítà ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí abẹ yóò kàn, kí ó tó yan iṣan tí yóò dí.

Láti ìfọwọ́wá dé ìfojúrí

Kì í ṣe òní ni àwọn oníṣègùn ti ń dí iṣan ìmọ̀lára. Ní ọdún 1884, Carl Koller lo kokéènì láti pa ìrora ojú ní ìlú Vienna, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí William Halsted àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un sí ẹ̀gbẹ́ iṣan lábẹ́rẹ́. Kokéènì léwu, ó sì ń di bárakú. Halsted fúnra rẹ̀ kó sínú ìgbèkùn rẹ̀. Ìrọ̀rùn dé nígbà tí Nils Löfgren ṣe lidocaine ní Sweden ní ọdún 1943, tí bupivacaine sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1957.

Oògùn ti wà, ṣùgbọ́n ojú kò rí ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Dókítà a máa fi ọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì, a fi ìka wọn ibi tí iṣan yẹ kí ó wà, a sì máa ti abẹ́rẹ́ síwájú títí aláìsàn yóò fi ké pé ẹsẹ̀ òun ń já bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gba ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń fi iná díẹ̀ ta iṣan jí, tí ẹsẹ̀ yóò sì máa fò bí abẹ́rẹ́ bá ti sún mọ́ ọn. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ bí ẹni tí ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lóru ni. Bí ara aláìsàn bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú ìwé, abẹ́rẹ́ lè ṣi ojú rẹ̀, tàbí kí ó gún òpó ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 1994, Stephan Kapral àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna kan náà jábọ̀ bí àwọn ṣe fi síkáànù wo abẹ́rẹ́ bí ó ti ń lọ sí ìdí iṣan apá. Ní ọdún 1997, Peter Marhofer àti àwọn tirẹ̀ lò ó fún iṣan femoral ti ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti ń tàn kálẹ̀.

Gbohùngbohùn inú ara

Ẹni tí ó bá dúró níwájú àpáta tí ó sì pariwo yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà. Gbohùngbohùn yìí ni àdán kéékèèké tí ń jẹ kòkòrò fi ń ríran nínú òkùnkùn, òun náà sì ni síkáànù ń lò. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tí ẹ̀rọ yìí ń rán wọ inú ara a máa gbọ̀n ní ọ̀nà mílíọ̀nù: láàrin mílíọ̀nù 6 sí 15 fún iṣan tí kò jìn sí awọ ara, àti láàrin mílíọ̀nù 2 sí 5 fún èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Bí ìró bá ti ń gbọ̀n kánkán sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i, ṣùgbọ́n ni kì í lè wọlé jìnnà. Nítorí náà, iṣan tí ó wà nínú ìdí ẹni tí ó sanra kò rọrùn láti rí bí èyí tí ó wà lẹ́yìn orúnkún. Kò sí ìtànṣán bíi ti ẹ̀rọ X-ray nínú rẹ̀ rárá.

Dúdú àti funfun ni àwòrán náà. Ẹ̀jẹ̀ a máa dúdú, eegun a máa funfun báláú, òjìji dúdú yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òpó tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn rí róbótó, ó sì ń lù. Èyí tí ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn a máa pẹlẹbẹ bí dókítà bá ti fi orí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Iṣan ìmọ̀lára ńlá a máa jọ afárá oyin, pẹ̀lú ihò dúdú wẹ́wẹ́ láàrin ìlà funfun. Ohun tí ó ń yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé bí orí ẹ̀rọ bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, afárá oyin náà yóò pòórá mọ́ wọn lójú, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́ nìkan ni ó ń rí i padà kíá.

Ní ibi tí itan ti pàdé ikùn, òfin ìtò wọn rọrùn láti há sórí. Láti ẹ̀gbẹ́ òde wá sí inú, iṣan ìmọ̀lára ni yóò ṣáájú, òpó tí ń lù yóò tẹ̀ lé e, òpó tí ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà yóò sì kẹ́yìn. Dókítà yóò rí abẹ́rẹ́ bí ìlà funfun kan tí ń rìn lọ. Kò gbọdọ̀ gún iṣan náà fúnra rẹ̀; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni oògùn ń lọ. Bí oògùn bá ti ń jáde, yóò dúdú lójú àwòrán, yóò sì máa tàn yí iṣan náà ká bí omi ṣe ń yí òkúta ká nínú odò. Bí kò bá tàn bẹ́ẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kò tíì tọ́, dókítà yóò sì tún un ṣe. Àǹfààní yìí gan-an ni àwọn ará ìgbà àtijọ́ kò ní.

Ti bàbá ẹlẹ́gbò

Fún bàbá tí wọ́n fẹ́ gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn orúnkún ni ibi tí ó yẹ jù. Wọn yóò kọ́kọ́ sàmì sí ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn yóò sì tún bi í léèrè: "Bàbá, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kàn án fún wa." Ìbéèrè náà lè dà bí eré, ṣùgbọ́n kíkú ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ le kì í ṣe ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní àgbáyé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tàbí kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ìrọ̀rí.

Dókítà yóò gbé orí ẹ̀rọ lé ibi tí ẹ̀yìn orúnkún ti ń ṣẹ́ po. Òpó tí ń lù ni yóò kọ́kọ́ wá. Lókè rẹ̀, tí ó sún mọ́ awọ, ni tibial wà. Bí ó bá ti ń fa orí ẹ̀rọ lọ sókè sí itan díẹ̀díẹ̀, peroneal yóò ti ẹ̀gbẹ́ òde yọ, àwọn méjèèjì yóò sì máa súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi di ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá tọ ẹ̀ka odò méjì lọ sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ìkóríta yìí ni ó ti ń fún oògùn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò wá saphenous lọ sí ẹ̀gbẹ́ inú itan, yóò sì fún un ní tirẹ̀, nítorí pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú ọrùn-ẹsẹ̀ yóò ṣì mọ ìrora.

Kò sí ìkánjú lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ó lè gba ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹsẹ̀ tó kú dáadáa. Wọn yóò fi ohun tútù bíi yìnyín kan ẹsẹ̀ náà. Bí bàbá bá sọ pé òun mọ̀ pé nǹkan kan òun ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá ó tutù, oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀wẹ̀, bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ fi okùn rọ́bà di itan kí ẹ̀jẹ̀ má ba à ya, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn orúnkún kò ní gba itan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìrora okùn náà. Wọn yóò di ìsàlẹ̀ orúnkún dípò rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mìíràn kún un. Ẹni tí kò bá sì lè fara dà á láti lajú sílẹ̀ lè gba oògùn díẹ̀ tí yóò mú un tòògbé.

Ìṣirò tí ẹ̀mí wà lórí rẹ̀

Oògùn tí ó ń dí iṣan a máa dí ọkàn pẹ̀lú bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Fún bupivacaine, mílígíráàmù 2 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ṣe ààlà. Bí bàbá náà bá wọn kílógíráàmù 50, 100 mílígíráàmù ni ààlà tirẹ̀. Bupivacaine tí ó jẹ́ ìdá 0.5 nínú 100 ní mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan. Nípa bẹ́ẹ̀, mílílítà 20 péré ni bàbá lè gbà, ó sì ní iṣan méjì láti dí. Dókítà tí kò rí iṣan a máa fún oògùn púpọ̀ kí ó lè dá a lójú pé yóò kàn án. Ẹni tí ó rí i lè pín mílílítà 20 náà láàrin iṣan méjèèjì, tàbí kí ó fi omi iyọ̀ là á, kí ó sì tún ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀ ẹ̀rọ kò lé ewu lọ pátápátá. Dókítà gbọ́dọ̀ máa fa sírínjì sẹ́yìn láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò wọlé, kí ó sì máa fún oògùn ní díẹ̀díẹ̀. Bí oògùn bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀: ètè àti ahọ́n rẹ̀ yóò kú, etí rẹ̀ yóò máa hó, adùn irin yóò wà ní ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò máa ṣú. Èyí tí ó le ni gìrì àti ọkàn tí ń lù ségesège. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dákẹ́ nítorí kí àwọn dókítà má ba à pè é ní ojo ń fi ara rẹ̀ sínú ewu. Oògùn tí ó ń ṣẹ́ ewu yìí ni òróró funfun bíi wàrà tí wọ́n ń fún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Guy Weinberg ní Amẹ́ríkà ni ó fi hàn lára eku ní ọdún 1998 pé ó wúlò. Yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò bá ní òróró yìí ní àrọ́wọ́tó kò tíì múra tán fún iṣẹ́ náà, bí síkáànù rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ìwádìí ti fi hàn pé síkáànù dín gígún òpó ẹ̀jẹ̀ àti májèlé oògùn kù. Ṣùgbọ́n ìwádìí kò tíì fi hàn dájú pé ó dín ìpalára iṣan ìmọ̀lára fúnra rẹ̀ kù. Ìpalára tí ó pẹ́ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wà. Iṣan tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ sì lè kú fún ìgbà tí ó gùn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Kì í ṣe fún iṣẹ́ abẹ nìkan

Ìyá àgbà tí ó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, tí eegun ìgbáròkó rẹ̀ sì kán, a máa jẹ̀rora bí wọ́n bá tilẹ̀ yí i padà lórí ibùsùn. Fún irú rẹ̀, dókítà lè fún oògùn tí wọ́n ti là, ó lè tó mílílítà 30 sí 40, sábẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó bo iṣan femoral ní iwájú ìgbáròkó. Bernard Dalens ní Faransé ni ó ṣàlàyé ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1989. Àǹfààní rẹ̀ fún arúgbó ni pé oògùn líle bíi morphine tí yóò nílò yóò dín kù, nítorí morphine lè mú kí orí arúgbó dàrú, kí ìgbẹ́ rẹ̀ le, kí mímí rẹ̀ sì falẹ̀.

Fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún rẹ̀, dídí femoral níwájú itan ń pa ìrora, ṣùgbọ́n ó tún ń gba agbára kúrò nínú itan, aláìsàn tí ó bá dìde lè ṣubú. Ní àárín itan ní ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀nà kan wà tí saphenous gbà. Bí wọ́n bá fún oògùn síbẹ̀, ìrora a dín kù, agbára itan a sì kù púpọ̀, kí ó lè rìn pẹ̀lú ọ̀pá.

Ní Nàìjíríà, síkáànù kì í ṣe àjèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tí ó ń pa ìdajì ara ìsàlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lò fún ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ó yára, owó rẹ̀ kò pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, èyí tí ọkàn aláìlera kì í fẹ́. Síkáànù àfọwọ́gbé tí ó ń lo bátìrì, tí àwòrán rẹ̀ ń hàn lójú fóònù, ti wà báyìí, ó sì bá ibi tí iná mànàmáná kò ti dúró mu. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ ni kò ṣeé rà lọ́jà.

Kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, àti lẹ́yìn rẹ̀

Aláìsàn ní láti sọ gbogbo oògùn tí ó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ya níbi tí ó jìn bí abẹ́rẹ́ bá gún un. Àgbo náà wà lára ohun tí ó yẹ ní sísọ. Kò yẹ kí wọ́n gún ojú ibi tí egbò tàbí oówo bá wà. Bí aláìsàn bá sì kọ̀, a kò gbọdọ̀ fi ipá ṣe é. Òfin àìjẹun kò yí padà: wákàtí 6 fún oúnjẹ, wákàtí 2 fún omi lásán, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà lè má mú, tí oorun yóò sì di dandan.

Ẹsẹ̀ tí ó kú kò mọ iná, kò mọ omi gbígbóná. Àwọn ẹbí tí wọ́n fẹ́ràn láti fi aṣọ gbígbóná jó ẹsẹ̀ aláìsàn lè bó o lára láìmọ̀. Kò gbọdọ̀ dìde láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Bupivacaine lè pa ẹsẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24, nígbà tí ó bá sì tán, ìrora lè dé lójijì. Kí aláìsàn ti gbé oògùn ìrora tí dókítà kọ mì kí ìmọ̀lára tó padà.

Ẹni tí ọ̀kadà gbá tí eegun ojúgun rẹ̀ sì kán nílò ìṣọ́ra púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran inú ojúgun lè wú títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ríbi gbà, ìrora kíkan sì ni àmì àkọ́kọ́ tí ó ń kìlọ̀. Abẹ́rẹ́ lè bo àmì náà mọ́lẹ̀, nítorí èyí, oníṣẹ́ abẹ àti akunilóorun gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò kí wọ́n tó fún un. Bí ojúgun bá wú tí ó sì le gbandi, bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i láìka abẹ́rẹ́ sí, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹsẹ̀ tí kò bá tíì mọ nǹkan kan, tàbí tí kò lè gbéra, lẹ́yìn wákàtí 48 gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ dókítà tí ó fún un lábẹ́rẹ́.